Sọ́fíwià Olómìnira àti Ìkànnì Tí Kò Ní Olú-Iléeṣẹ́: Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Kan Ilẹ̀ Ẹnubodè Yewa

Ní ọjọ́ 4 oṣù Òkúdù ọdún 2021, Alhaji Lai Mohammed, tí í ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìròyìn àti àṣà nígbà náà, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti dá iṣẹ́ Twitter dúró ní Nàìjíríà, láìdá ọjọ́ tí ìdádúró náà yóò parí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta dátà ti gba àṣẹ lọ́wọ́ NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọ̀nà. Ní Ìlaró àti Ayétòrò, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú yòókù ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Twitter kò ṣí mọ́ fún ẹni tí kò bá ní VPN, ètò tó ń mú kí fóònù gba ọ̀nà mìíràn tí wọn kò dí.

Ní etí ààlà gan-an, ọ̀rọ̀ náà ní ìhà kejì. Bí ènìyàn bá dúró sí Ìdìrókò pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lókè ojú fóònù náà a máa yí padà fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iléeṣẹ́ Nàìjíríà ló wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú yìí, kó tó ṣẹ́jú, ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti gbà á, nítorí pé ìgbì tó ń jáde láti orí òpó kò mọ ibi tí ààlà wà. Ẹni tó bá ń lo síìmù tó rà ní Bẹ̀nẹ̀ kò sí lábẹ́ àṣẹ tí NCC pa, nítorí pé kì í ṣe ọwọ́ NCC ni iléeṣẹ́ tó ń gbé dátà rẹ̀ ti gba láísẹ́ńsì. Àwọn méjì lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí wọ́n máa sọ Yorùbá kan náà, kí ọ̀kan máa ka Twitter, kí èkejì má lè kà á.

Irú nǹkan báyìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Yewa lónìí, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Paris, wọ́n sì fi ìlà kan pín àwọn Yorùbá apá ìwọ̀-oòrùn sí méjì. Kétu bọ́ sábẹ́ Faransé. Ìlaró àti Ayétòrò bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó fa ìlà náà kò gbé ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ẹnubodè ti ń gbé pẹ̀lú àṣẹ tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn pa.

Kí ló fà á tí àṣẹ kan ṣoṣo láti Àbújá fi lè ti Twitter pa mọ́ gbogbo Nàìjíríà? Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Twitter ní olóhun kan, ó sì ní ẹnu ọ̀nà kan. Ẹni tó bá dí ẹnu ọ̀nà náà ti parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣẹlẹ̀, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn kan ti ń kọ irú ìkànnì mìíràn, èyí tí kò ní olóhun kan, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì pọ̀. Ìwé-àṣẹ, ìyẹn ìwé tó sọ ohun tí ènìyàn lè fi ètò kọ̀ǹpútà ṣe, ni gbogbo irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ dúró lé. Nítorí náà, orí ìwé-àṣẹ ni ìtàn náà gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpìlẹ̀ ìwé-àṣẹ, 1983 sí 2007

Kóòdù ni àwọn ìlà ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ, tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ẹni tí kóòdù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè mọ bí ètò kan ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì lè tún un ṣe. Ẹni tí wọ́n fún ní ètò tó ti dì láìsí kóòdù dà bí ẹni tí wọ́n fún ní gàrí. Ó lè mu ún, ó lè fi tẹ ẹ̀bà, ṣùgbọ́n kò lè gbìn ín. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ rí igi ẹ̀gẹ́ gbà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, igi ẹ̀gẹ́ yìí ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà máa ń fún ara wọn. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1980, àṣà náà ti ń yí padà. Richard Stallman, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ MIT, fẹ́ tún ètò tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ṣe, nítorí pé bébà máa ń há sínú ẹ̀rọ náà láìjẹ́ pé ẹni tó rán an níṣẹ́ mọ̀. Ó lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì mìíràn tí kóòdù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Onítọ̀hún kọ̀, ó ní òun ti ṣèlérí fún iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó wọ Stallman lára. Ní ọjọ́ 27 oṣù Owéwe ọdún 1983, ó kéde iṣẹ́ tó pè ní GNU, èyí tí yóò kọ odidi ètò kọ̀ǹpútà kan tí gbogbo ènìyàn yóò ní òmìnira lórí rẹ̀. Ní ọdún 1985 ó dá àjọ Free Software Foundation sílẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀ lórí orúkọ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ohun tí a kò sanwó rẹ̀ àti ohun tí kò sí nínú ìdè. Yorùbá kò ní ìṣòro náà. Ọ̀fẹ́ yàtọ̀, òmìnira yàtọ̀. Òmìnira ni Stallman ń sọ, ó sì là á sí mẹ́rin: òmìnira láti lo ètò fún ohunkóhun, láti wo inú rẹ̀ kí a sì yí i padà, láti pín in fún ẹlòmíràn, àti láti pín èyí tí a ti tún ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ tà á lè tà á.

Ọgbọ́n tó fi dáàbò bo òmìnira yìí ló jẹ́ ohun tuntun. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ, ẹni tó kọ nǹkan ló ni ín, kò sì sí ẹni tó lè dà á kọ láìgba àṣẹ. Stallman kò kọ òfin náà sílẹ̀. Ó lò ó. Ó kọ ìwé-àṣẹ kan tó fún gbogbo ènìyàn láyè láti da ètò náà kọ, bí wọ́n bá gbà pé bí wọ́n bá tún pín in, ìwé-àṣẹ kan náà ni wọn yóò fi pín in, pẹ̀lú kóòdù rẹ̀. Ẹni tó gba igi ẹ̀gẹ́ kò gbọdọ̀ fi igi ẹ̀gẹ́ du ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé náà ni GPL. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1989, ẹ̀dà kejì ní ọdún 1991. Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991 kan náà, ó sì fi í sábẹ́ GPL ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ìwé-àṣẹ mìíràn wà tí kò le tó bẹ́ẹ̀, irú bíi ti MIT àti Apache. Àwọn wọ̀nyí gba ènìyàn láyè láti mú kóòdù, kó yí i padà, kó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ èyí tó yí padà. Ọ̀rọ̀ ìyàtọ̀ yìí yóò tún jẹ yọ níwájú.

Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 1988 ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ ìwé kíkọ, òfin tuntun tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023 sì dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ìwé-àṣẹ bíi GPL fi ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ níbí. Ẹni tó kọ ètò ní Ìlaró ló ni ohun tó kọ, òun náà ló sì lè sọ irú àdéhùn tí yóò fi yọ̀ǹda rẹ̀.

Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì gbilẹ̀, ihò kan hàn nínú GPL. Ìgbà tí ènìyàn bá pín ètò fún ẹlòmíràn nìkan ni àdéhùn náà múlẹ̀. Iléeṣẹ́ tó bá tún ètò ṣe, tó fi sórí sáfà tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn ènìyàn lóhùn láti ọ̀nà jíjìn, tí àwọn ènìyàn kàn ń bá pàdé lórí ayélujára, kò pín ohunkóhun. Ó dà bí ìyá olóúnjẹ tó ń gbé ẹ̀bà fún wa jẹ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: kò ta gàrí fún wa, nítorí náà kò sí ẹni tó lè béèrè igi ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Affero gbé ìwé-àṣẹ kan jáde ní ọdún 2002 láti dí ihò yìí. Free Software Foundation mú èrò náà, wọ́n sì gbé AGPL ẹ̀dà kẹta jáde ní oṣù Bélú ọdún 2007. Ìpín 13 nínú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù: ẹni tó bá yí ètò náà padà, tó sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn lò ó láti ọ̀nà jíjìn, gbọ́dọ̀ fún àwọn ènìyàn náà láyè láti gba kóòdù rẹ̀. AGPL yìí ni àwọn tó ń kọ ìkànnì tuntun gbé dání.

Ìkànnì oníìlú púpọ̀, 2008 sí 2018

Evan Prodromou, ará Kánádà, ló ṣí Identi.ca ní ọdún 2008. Ó jọ Twitter, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè mú kóòdù rẹ̀, kó fi sórí sáfà tirẹ̀, kí àwọn sáfà náà sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2010, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní New York bẹ̀rẹ̀ Diaspora láti fi dípò Facebook, wọ́n sì rí owó tó tó 200,000 dọ́là gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn lórí ayélujára. Kò sí èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n fi kóòdù àti ìrírí sílẹ̀ fún àwọn tó tẹ̀ lé wọn.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2016, Eugen Rochko, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Jámánì, gbé Mastodon jáde lábẹ́ AGPL. Bí orúkọ ènìyàn ṣe rí níbẹ̀ tó láti ṣàlàyé gbogbo ètò náà. Lórí Twitter, orúkọ kan péré ni ènìyàn ní. Lórí Mastodon, apá méjì ni: orúkọ ẹni àti orúkọ sáfà tí a ti wá. Bí a bá ṣí sáfà kan sí Ìlaró, tí a pè é ní ilaro.example, Adé tó wà níbẹ̀ yóò máa jẹ́ @ade@ilaro.example, Adé mìíràn lè wà lórí sáfà Kétu, kò sì sí ìjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Yorùbá ṣe ń dárúkọ ènìyàn. Bí a bá pe Adé, wọn á ní Adé wo? A ó ní Adé ará Ìlaró.

Sáfà kọ̀ọ̀kan dà bí ìlú: ó ní olórí tirẹ̀, ó sì ní ohun tó jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ ni àdéhùn kan tó sọ bí sáfà kan ṣe máa kó ọ̀rọ̀ fún òmíràn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2018, àjọ W3C, tó ń ṣe ìlànà fún ayélujára, fọwọ́ sí èyí tó ń jẹ́ ActivityPub. Àdéhùn yìí ló ń jẹ́ kí sáfà tó ń lo Mastodon lè bá sáfà tó ń lo ètò mìíràn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí òmìnira dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, 2019 sí 2021

Ìwé-àṣẹ tó fún gbogbo ènìyàn láyè kò lè yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Agẹmọ ọdún 2019, Gab, ìkànnì kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n mọ̀ mọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra ẹ̀yà, kó lọ sórí kóòdù Mastodon. Rochko àti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò fẹ́ ẹ rárá, ṣùgbọ́n òmìnira àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin sọ pé ẹnikẹ́ni lè lo ètò náà fún ohunkóhun. Ìwé-àṣẹ kò lè lé wọn. Ohun tó ṣeé ṣe ni ohun tí ìlú máa ń ṣe: ọ̀pọ̀ sáfà ti ọ̀nà wọn mọ́ Gab, àwọn tó ń ṣe áàpù tó gbajúmọ̀ bíi Tusky náà sì dí i. Gab wà, kóòdù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìdánwò kejì dé, èyí sì dá lórí àdéhùn kóòdù gan-an. Ní ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2021, iléeṣẹ́ Donald Trump kéde ìkànnì Truth Social. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ènìyàn ti rí i pé Mastodon ni wọ́n tún kùn, wọn kò sì fi ibi tí kóòdù wà han ẹnikẹ́ni. Àjọ Software Freedom Conservancy pariwo ọ̀rọ̀ náà síta ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, Mastodon kọ lẹ́tà sí agbẹjọ́rò àgbà Truth Social. AGPL fún ẹni tó ṣẹ̀ ní 30 ọjọ́ láti ṣàtúnṣe. Bí kò bá ṣe é, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti lo ètò náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Kí oṣù Bélú tó dé ìdajì, fáìlì kan tí wọ́n dì pọ̀ ti wà lórí ojú ewé Truth Social, kóòdù sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò dé ilé ẹjọ́. Òǹkọ̀wé yìí ka èyí sí ọ̀kan nínú ẹ̀rí tó dára jù lọ pé ìwé-àṣẹ ní agbára, nítorí pé ẹgbẹ́ kékeré tí kò ní owó ló fi í mú iléeṣẹ́ ẹni tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà.

Ọjọ́ 222 ní Nàìjíríà

Láàárín ìdánwò méjèèjì yìí ni Nàìjíríà ti Twitter pa. Ní ọjọ́ 1 oṣù Òkúdù ọdún 2021, Ààrẹ Buhari kọ ọ̀rọ̀ kan sórí Twitter nípa àwọn tó ń dáná sun ilé ìjọba ní gúúsù ìlà-oòrùn, ó sì mẹ́nu ba ogun abẹ́lé. Twitter yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn èyí ni ìkéde mínísítà jáde, Abubakar Malami tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà orílẹ̀-èdè sì ní kí wọ́n pe ẹni tó bá rú àṣẹ náà lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, láti ìhà méjì. Iléeṣẹ́ kan ní California ló pinnu ohun tí ààrẹ lè sọ. Ọ́fíìsì kan ní Àbújá ló pinnu ohun tí ọmọ ìlú lè kà.

Kì í ṣe Mastodon ni àwọn ènìyàn sá lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ gba VPN sórí fóònù. Ìjọba ní tirẹ̀ ṣí àkáǹtì lórí Koo, ìkànnì ilẹ̀ Íńdíà, ní ọjọ́ 10 oṣù Òkúdù. Ìdí tí VPN fi borí kò ṣòroó rí. Ẹni tó ń ta aṣọ lórí Twitter, àwọn oníbàárà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wọn ṣe ìwọ́de EndSARS ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020 mọ̀ pé orí Twitter ni òun ti rí àwọn tó kù. Kóòdù olómìnira kò lè kó ọjà lọ sí ibòmíràn. Àwọn ará Yewa mọ èyí láti inú ọjà gidi: ẹni tó bá ṣí ìsọ̀ síbi tí èrò kò sí, ìsọ̀ náà ì báà dára, òun nìkan ni yóò máa wò ó.

Ní ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022, Twitter ṣí padà, lẹ́yìn ọjọ́ 222. Kashifu Inuwa Abdullahi, olùdarí àgbà NITDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ayélujára, ló kéde rẹ̀, ó ní Twitter ti gbà láti forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láti yan aṣojú, àti láti san owó orí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Agẹmọ ọdún náà, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ìdádúró náà kò bá òfin mu, ó sì pàṣẹ pé kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ mọ́. Koo kò pẹ́ láyé: ó kógbá sílé ní oṣù Agẹmọ ọdún 2024. Olóhun kan ni òun náà ní.

Ìnira ìdàgbàsókè, 2022 sí 2025

Ohun tí ìtìpa Nàìjíríà kò ṣe, títa Twitter ṣe é. Elon Musk gba iléeṣẹ́ náà ní ọjọ́ 27 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022. Gẹ́gẹ́ bí Rochko ṣe sọ, àwọn tó ń lo Mastodon lóṣù fò láti nǹkan bí 300,000 lọ sí 2,500,000 láàárín oṣù Ọ̀wàrà sí oṣù Bélú. Ní oṣù Ọ̀pẹ, Twitter ti àkáǹtì Mastodon pa, ó sì dí àwọn ìjápọ̀ tó lọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 ó gbé òfin kan jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó sì ká òfin náà kúrò kí ọjọ́ tó yí.

Sáfà tí wọ́n ṣe fún ènìyàn díẹ̀ kò lè ru ẹrù ìlú. Sáfà Hachyderm jẹ́ àpẹẹrẹ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Inú yàrá abẹ́ ilé ẹni tó dá a sílẹ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Bélú, ènìyàn bíi 700 ló wà lórí rẹ̀. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti tó 30,000. Àwọn dísíìkì inú ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá kọ kò tètè jáde, àwòrán kò wọlé. Àwọn tó ń bójú tó o, tí kò gba owó oṣù, kó ìkànnì náà lọ sórí sáfà tí wọ́n háyà ní Jámánì. Ní ibòmíràn, kì í ṣe ẹ̀rọ ló rẹ̀, ènìyàn ni. Ẹni tó ni mastodon.lol kéde ní oṣù Èrèlé ọdún 2023 pé òun yóò tì í, nítorí pé ìjà àwọn tó wà níbẹ̀ ti sú òun. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó wá láti Twitter sì ráhùn pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà bá wọn níbẹ̀, pé bóyá wọn yóò rí ààbò tàbí wọn kò ní rí i dá lórí sáfà tí wọ́n bọ́ sí. Òótọ́ ni ẹ̀sùn yìí ń sọ nípa ètò náà: ibi tí olórí bá pọ̀, ìdájọ́ kì í dọ́gba.

Ààlà pàápàá bá wọn dé orí ayélujára. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2024, sáfà kan tí orúkọ rẹ̀ fi .af parí kú lójijì, nítorí pé Afganístánì ló ni òpin orúkọ náà, ìjọba Taliban ibẹ̀ sì gba orúkọ wọn padà. Sáfà púpọ̀ kò ní kí ènìyàn má gbé lábẹ́ àṣẹ ìjọba kan.

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá náà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Meta gbé Threads jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Agẹmọ ọdún 2023. Ó ní 100,000,000 ènìyàn láàárín ọjọ́ márùn-ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán ActivityPub wò ní oṣù Ọ̀pẹ. Àwọn sáfà kan ti ọ̀nà mọ́ ọn kó tó dé. Bluesky, tí èrò rẹ̀ ti inú Twitter jáde ní ọdún 2019, ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ 6 oṣù Èrèlé ọdún 2024. MIT àti Apache ló wà lórí kóòdù tirẹ̀, kì í ṣe AGPL, nítorí náà ẹni tó bá mú un kò sí lábẹ́ dandan láti fi àtúnṣe tirẹ̀ han ẹnikẹ́ni.

Ohun tí yóò ná ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní Yewa

Kò sí ohun tó ní kí a má ṣí sáfà sí Ìlaró. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Poly wà níbẹ̀ láti ọdún 1979, wọ́n sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Èkó níbi àjọ̀dún Open Source Community Africa. Òye kò wọ́n. Iná àti dọ́là ló wọ́n.

Ní ti iná, orí epo jẹnẹrétọ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ti ẹnubodè pa ní oṣù Ògún ọdún 2019. Ní oṣù Bélú ọdún náà, iléeṣẹ́ aṣọ́bodè ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Ìdìrókò àti àwọn ìlú tó sún mọ́ ọn bọ́ sínú èyí, wọn kò sì ṣí ẹnubodè Ìdìrókò padà títí di oṣù Igbe ọdún 2022. Níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń gba epo, àṣẹ lórí epo ti di àṣẹ lórí ẹ̀rọ. Bí ènìyàn bá sì pinnu láti háyà sáfà lókèèrè, dọ́là ni yóò fi sanwó. Ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókèèrè kù sí 20 dọ́là lóṣù. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí 470 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdù ọdún 2023 ti kọjá 1,500 náírà ní ọdún 2024.

Ìhà kan wà tí èrè ti pọ̀ ju ìnáwó lọ, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ èdè. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya odidi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti fi Yorùbá kọ̀wé lórí Twitter, kí iléeṣẹ́ náà lè fi Yorùbá kún àwọn èdè rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni, olóhun nìkan ló lè dáhùn rẹ̀. Nígbà tí Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ìwé atúmọ̀ orúkọ YorubaName ní ọdún 2016, wọ́n fi kóòdù rẹ̀ sí gbangba, wọ́n sì fún àwọn ènìyàn ní bọ́tìnnì ìtẹ̀wé tó ní àmì ohùn. Lórí Mastodon, ọ̀rọ̀ tó wà lára bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan wà nínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni lè ṣí, kó sì túmọ̀. Kò sí olóhun kan tí ènìyàn ní láti bẹ̀.

Ní ọdún 2024, ìjọba Jámánì gba ipò àjọ aláìlérè kúrò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Mastodon. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, Rochko kéde pé òun yóò kó orúkọ àti ohun ìní Mastodon lé àjọ aláìlérè tuntun kan lọ́wọ́, kó má bàa jẹ́ pé ẹnì kan ni gbogbo rẹ̀ so mọ́. Fún ẹni tó ń lò ó, ìlànà kan kò tíì yí padà. Bí sáfà rẹ̀ bá fẹ́ kú, ó lè kó lọ sórí òmíràn, àwọn tó ń tẹ̀ lé e yóò sì bá a lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ti kọ sílẹ̀ kò ní bá a lọ.